Òdòdó Tí Ijja Ń Fò

Bí òtútù àárọ̀ bá ti ń ta ni létí, tí igi álímọ́ńdì ń wọ́wé sójú ọ̀nà, oorun kì í kún ojú Keltuma mọ́. Sáfúrónì ti ń tanná nìyẹn. Òdòdó náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bí oòrùn bá bá a nílẹ̀, ó ti rọ. Bihi ọkọ rẹ̀ wà ní èbúté ẹja ní Agadir, ó sì di ọdún iléyá kó tó wálé. Keltuma, Lalla Mamas ìyá ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ méjèèjì ló ń wọ oko ní àfẹ̀mọ́júmọ́: Ijja, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àti Lahsen, ọmọ ọdún méje. Aago mẹ́jọ ni ilé-ìwé ń wọlé. Àsáréjẹ ni wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti òróró ólífì kí wọ́n tó gun òkè lọ sóko.

Lọ́dún yìí, Ijja ń dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá gba ìlà kan kọjá, òdòdó tó fò sílẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó já.

"Ijja! Ṣé o ń sùn lórí ìdúró ni? Wo ẹ̀yìn rẹ!"

"Mo ti já a tán, Màámi."

"O já kí ni? Gbogbo èyí tó dúró síbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Lahsen bú sẹ́rìn-ín. "Ti àwọn àǹjọ̀nnú ló ń fi sílẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá jókòó nílé láti yọ okùn pupa inú òdòdó, èyí tí wọ́n ń tà fún èlò ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó yára tó Ijja. Á gbé e súnmọ́ imú bí ẹni ń gbóòórùn, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jáde láìgé.

"Iṣẹ́ ìjókòó ló mọ̀," ni Lalla Mamas wí. "Ẹsẹ̀ ló ya ọ̀lẹ."

Keltuma gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Lahsen mú iṣẹ́ bọ̀ láti ilé-ìwé. "Olùkọ́ Ijja ní kí ẹ wá lọ́jọ́bọ̀."

"Kí ló ṣe?"

"Wọn ò sọ fún mi o."

Ẹ̀rù ba Keltuma. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọn ọmọ ti pẹ́ nítorí ìkórè. Ọdún yìí sì ni Ijja máa ṣe ìdánwò tí yóò gbé e dé ilé-ìwé ńlá ní ìlú. Bí wọ́n bá lé e ńkọ́? Ó pe Bihi lórí fóònù.

"Lọ gbọ́ tẹnu wọn ná," ni Bihi wí. "Ta ni wọ́n ń lé nítorí òdòdó?" Ṣùgbọ́n ohùn òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Lalla Mamas ní tirẹ̀ ò rí ohun ẹ̀rù níbẹ̀. "Ìyá Ijja, fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá lé e, ṣebí iṣẹ́ wà nílé."

Ọ̀rọ̀ ìtùnú yìí gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Lọ́jọ́bọ̀, Keltuma fi ìbòrí bo ọwọ́ rẹ̀ tí sáfúrónì ti pa láró. Wafa, olùkọ́ náà, ọmọge tó wá láti ìlú ńlá, fún un ní àga. Kó tó jókòó ló ti ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, olùkọ́. Èmi ni mò ń jẹ́ kó pẹ́."

"Ti pípẹ́ kọ́, Màmá." Wafa ṣí ìwé ọmọ náà. "Gbogbo ìṣirò tó ṣe síbí ló gbà. Àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo kọ sójú pátákó ni." Ó pe Ijja sójú fèrèsé. "Ewúrẹ́ mélòó ló wà lórí òkè ọ̀hún?"

Keltuma ti ka mẹ́sàn-án nínú ara rẹ̀. Ijja fún ojú pọ̀, ó fún un títí.

"Ṣé ewúrẹ́ wà níbẹ̀ ni?"

Ẹ̀rù ti tẹ́lẹ̀ lọ, òmíràn tó jù ú lọ sì wọlé. Ìyá tó bí Keltuma ò tíì darúgbó tí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ọwọ́ ni wọ́n ń fà á lọ síbi omi.

"Ṣé ojú rẹ̀ ń kú lọ ni?"

"Mi ò mọ̀, Màmá, èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Tarudant."

Ní Sátidé, Keltuma fi oko sílẹ̀ fún Lalla Mamas, ó mú Ijja wọ ọkọ̀. Ọ̀nà jìn.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ sì ti ní ọ̀lẹ ni mí."

Keltuma kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi wọ̀lú.

Dókítà tan iná sí ojú Ijja, ó ní kó ka lẹ́tà ara ògiri. Ó ní kì í ṣe àìsàn tó fọ́ ìyá Keltuma lójú. Ọ̀ọ́kán ni kò rí, gíláàsì ojú ló máa lò. Kí wọ́n máa padà wá lọ́dọọdún. Keltuma ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Nínú ọkọ̀, nígbà tí wọ́n ń padà, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ijja, má bínú sí mi."

Ijja ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu àgbà. Ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sì sùn lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni gíláàsì dé, òdòdó sì ti ń tán lóko. Ijja dúró sójú ìlẹ̀kùn, ó ń wo òkè. "Màámi, ṣé bí òkúta ṣe pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn?" Lahsen ń pè é ní òwìwí, Ijja fi bàtà lé e káàkiri àgbàlá.

"Ẹ rọra o!" Keltuma ń pariwo tẹ̀ lé wọn. "Ẹ má fọ́ gíláàsì yẹn!"