Ìyá Múlí Ní Àwọn Kàn Ń Ṣọ́lé, Mo Sì Kọ Ọ́ Bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́fun mi. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè tu ú dànù.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn níbí. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ìlú, ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáa. Òun gan-an ló kó bá mi!

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kéde lórí rédíò pé káńsù ń wá pátínà tí wọ́n á jọ tún àdúgbò ẹ̀yìn ọjà kọ́: ọ̀nà tuntun, gọ́tà, omi ẹ̀rọ, ilé oníbúlọ́ọ̀kù dípò ilé alámọ̀. Bàbá kan níbi tá a ti ń dúró de èrò béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní pátínà. Ẹnì kan ní ẹni téèyàn fẹ́ bá da nǹkan pọ̀ ni. Bàbá ní, "Háà! Gbogbo ọjọ́ tí káńsù ti dàgbà yìí, àṣé kò tíì níyàwó?" A rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ pátínà wo ló máa wá láìmọ ilé tó wà níbẹ̀ àtàwọn tó ni wọ́n? Ni káńsù bá kó àwa ọ̀dọ́ mẹ́fà jọ pé ká máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀gá Tìámíyù, akọ̀wé tó ń darí wa, fún wa ní fọ́ọ̀mù. Ibi mẹ́ta la lè máàkì: onílé, ayálégbé, aṣọ́lé. Ó ní ohun tí kálukú bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni ká kọ, ká má fi gírámà tiwa kún un. Ó tún ní ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ló máa bá pátínà ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá dé.

Iṣẹ́ olóṣù! Fún èmi tí mò ń jẹ eruku látàárọ̀ dalẹ́!

Ẹ wá wò ó, ẹni tó bá ní onílé lòun, iṣẹ́ tiẹ̀ máa ń pẹ́. A ó wọn yàrá, a ó ya fọ́tò, a ó wá ẹlẹ́rìí méjì. Aṣọ́lé ńkọ́? Ìlà kan péré.

Ọjọ́ kẹta ni mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Múlí. Opó ni wọ́n, òrí ni wọ́n ń ṣe tà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọkọ wọn fi mọ ilé náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò. Àní mo ti jí ìbẹ́pẹ ká rí lẹ́yìnkùlé ibẹ̀! Wọ́n ń po òrí lọ́wọ́ nígbà tí mo kí wọn.

"Kàmọ́rù, àbí ojú mi ni? O ti wá di ará káńsù!"

Wọ́n ní kí n jókòó mu fúrá. Mo ní mò ń kánjú. Wọ́n ní ṣé lónìí yìí ni mo máa dá nìkan kọ́ àdúgbò náà tán ni.

Mo béèrè ẹni tó ni ilé. Ẹ gbọ́ èsì wọn: "Ọlọ́hun ló ni ín, ọmọ mi. Àwa kàn ń bá A ṣọ́ ọ ni."

Ta ni kò mọ ọ̀rọ̀ yìí nínú wa? Béèrè lọ́wọ́ Alhaji kan níbí pé ta ló ni màlúù yìí, á ní Ọlọ́hun ló ni ín. Béèrè ẹni tó lọmọ, bákan náà ni. Kí ìgbéraga má baà wọ̀ ọ́ ni. Ìyá tó bí mi gan-an, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Kì í ṣe pé kò yé mi! Ṣùgbọ́n mo wo oòrùn, mo ro ilé tó kù nílẹ̀, mo sì máàkì "aṣọ́lé". Mo sọ fún ara mi pé ṣebí ẹnu wọn ló ti jáde. Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, òrí yí bébà náà. Wọ́n sì ṣàdúà fún mi pé Ọlọ́hun á gbé mi ga.

Èmi ni mo kọ́kọ́ parí.

Pátínà dé lẹ́yìn òjò. Àdéhùn wọn ni pé onílé á gba ilé tuntun ládùúgbò kan náà. Ilé tó bá jẹ́ aṣọ́lé ló wà níbẹ̀, wọ́n kà á sí ilé tí kò lólúwa, wọ́n á fi ibẹ̀ ṣe páàkì ọkọ̀. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri káńsù.

Ìyá Múlí wá. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì pátínà, mo mú téèpù dání. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn lonílé. Ọ̀gá Tìámíyù fi ìka tí wọ́n tẹ̀ hàn wọ́n. Ìyá wo bébà náà, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Kàmọ́rù, bá mi sọ fún wọn."

Mo tẹrí ba, mo ń ká téèpù.

Ọjọ́ kejì ni ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Tìámíyù. Ó ní ó ti pẹ́ jù, tọ̀tún tòsì ti tọwọ́ bọ̀wé. Mo kọ lẹ́tà, mo fi orúkọ mi sí i pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n ní ká máa retí. Katapílà ò retí.

Ọ̀dọ̀ Múlí, ọmọ wọn, ní Àgọ́-Àrẹ ni ìyá wà báyìí. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Mo ro gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n béèrè pé ṣé Yorùbá tí àwọn sọ ni kò yé mi ni. Mo ní ó yé mi, Ìyá.

Wọ́n ní, "Ìbá sàn kó má yé ọ."

Mi ò tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ mo ti kọ́ pé èèyàn lè kọ gbogbo ohun tí ẹnìkan sọ sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan, kó sì ti parọ́ mọ́ onítọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ìyá yín, tí wọ́n bá wá kọ orúkọ ilé, kí wọ́n kọ́kọ́ ní "èmi ni mo ni ín", kí wọ́n tó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣe yín rí, yálà ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ tàbí ẹ̀yin ni wọ́n kọ? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ ọ̀nà tí wọ́n fi lè gbé lẹ́tà mi yẹn yẹ̀ wò, ẹ má dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́.