Ẹ̀bà Obìnrin Tí Yàrá Rẹ̀ Kọjú sí Tèmi

Mo jowú obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi n'Ísọlọ̀. Kì í ṣe torí ọkọ, torí ẹ̀bà ni. Ẹgbẹ́ ni wá, ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan náà la jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi ni dókítà sọ fún pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà, kí n dín gààrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù. Òun ń tẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́, ara rẹ̀ le koko. Mo ní Ọlọ́run ń ṣojúsàájú.

Mo wá ra wíìtì, ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n ń rò bí àmàlà; àwọn tó ń tà á ní kò léwu fún onítọ̀ ṣúgà. Mo gbà pé oògùn ni, mo ń rò ó kún abọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Síbẹ̀, ṣúgà mi ń gòkè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, obìnrin náà ní kí n wá bá òun jẹun. Ẹ̀fọ́ kún àwo, ṣùgbọ́n ẹ̀bà tó wà níbẹ̀ kò ju ìkúùkù mi lọ.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tèmi dà?"

Ó ní, "Tàwa méjèèjì nìyẹn."

Mo rántí wíìtì tí mo rò kún abọ́ sílẹ̀ ní yàrá mi. Èmi nìkan ni mo rò ó fún.