Ọjọ́ tí Bàbá Mi Wá sí Pápá Tẹ́níìsì

Ní fásitì wa l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, a kì í fi pápá tẹ́níìsì wa ṣeré. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Ilẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ìlà funfun tó tọ́ gbọnrangandan, ìjókòó alátẹ̀gùn tó yí i ká, àti ògiri gíga kan lẹ́yìn tí a máa ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí apá á fi kú. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa ń bá mi níbẹ̀, èmi tó jẹ́ pé pátákó ni mo kọ́kọ́ fi gbá bọ́ọ̀lù nílé wa l'Ókè-Ṣópẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe rákẹ́ẹ̀tì.

Bàbá mi kò rí i bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó burú lójú rẹ̀ tó ariwo. Nígbà tó ń kọ́ wa, kì í na ẹnikẹ́ni. Á kàn dìde, á gbé ìka lé ètè, á béèrè pé yèsí ń pariwo, bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń béèrè pé ta ni. Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Mo bẹ̀rù ìbéèrè yẹn ju pàṣán lọ.

Eré ọmọ olówó ni tẹ́níìsì lójú rẹ̀, ó sì ní máàkì mi ti ń lọ sílẹ̀. Kò purọ́. A wá ṣe àdéhùn: bí ọmọ fásitì tó ń bọ̀ wá bá wa díje lọ́jọ́ Sátidé bá fẹ̀yìn mi balẹ̀, kí n gbé rákẹ́ẹ̀tì lé òun lọ́wọ́, kí n gbájú mọ́ ìwé. Òun fúnra rẹ̀ á wá gbà á. Mo sì mọ bí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ bá gbá ṣe le tó.

Ìjókòó kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó rọ́ dé, wọn ò sì mọ̀ pé ńṣe la máa ń dákẹ́ bí ẹni kan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n fẹ́ràn mi débi pé wọ́n ń bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ti sọ bọ́ọ̀lù sókè báyìí, orin ni, àtẹ́wọ́ ni. Rẹfirí bẹ̀bẹ̀ títí, wọn ò gbọ́. Mo ti ń pàdánù lọ.

Ni bàbá mi bá dìde láàárín èrò, fìlà lórí, ìka lé ètè.

"Yèsí ń pariwo?"

Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ èémí ara mi. Mo gbá bọ́ọ̀lù yẹn, alátakò mi ò rí i kó tó kọjá. N kò gbá irú rẹ̀ rí. Bàbá mi ò sì jókòó mọ́ títí a fi parí.

Síbẹ̀, mo pàdánù. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kò sí àsọdùn ńbẹ̀. Mo ti rákẹ́ẹ̀tì bọ àpò, mo gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́, ojú mi kún fún omijé. Ó gbà á. A wọ mọ́tò dé Ìjẹ̀bú-Igbó, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti gáréèjì. Ó gbé àpò náà lé itan, ó dì í mú bí ẹni gbé kéréètì ẹyin. Oníkẹ̀kẹ́ bi í pé kí ni Bàbá gbé dání.

"Ti ọmọ mi ni," ó ní. "Mo kàn ń bá a gbé e ni. Ó ní láti wà ní pápá láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé."