Àlejò Tó Ní Ká Má Yọ Òun Lẹ́nu

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lódìkejì omi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Wọ́n kọ́ wa ká máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹni tá ò rí rí, ká béèrè orúkọ rẹ̀, ká fún un ní kọ́kọ́rọ́, ká sì gbàgbé pé ó wà. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé àlejò tó dára jù ni èyí tí a ò gbúròó rẹ̀ títí yóò fi lọ. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi wọ̀ mí lára. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, mo kó ẹ̀rín músẹ́ mi, mo padà sí ilé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, l'Ékòó.

Ilé náà ti pẹ́. Àwọn èèyàn máa ń wá ya fọ́tò rẹ̀ nítorí àwọn fèrèsé rẹ̀ àti ọ̀dà tó ń ṣí lára rẹ̀. Ìyẹn ló là mí lójú. Bí wọ́n bá lè dúró ní títì máa wo ilé, kí ló dé tí wọn ò fi ní sùn sínú rẹ̀? Ẹbí fún mi ní yàrá kan lókè. Mo kùn ún, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì funfun síbẹ̀, mo sì gbé e sórí ìkànnì kan lórí fóònù kí àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá yàrá lè rí i.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni olórí ilé. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àti ọmọ àti ayálégbé. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé àlejò yóò máa wá sùn, inú wọn dùn. Nígbà tí mo ní àlejò yóò máa sanwó, wọ́n wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ máa ta omi òjò.

"Ṣé àlejò ni àbí ayálégbé?"

"Àlejò ni, Màmá. Àlejò tó ń sanwó."

"Kò sí irú ẹ̀," Màmá ní.

Wọ́n wá ń rò fún mi bó ṣe rí láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú fi ń kó ẹrù wá sí Èbúté Èrò. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ò bá tà tán kì í wá òtẹ́ẹ̀lì kiri. Ilé wa ló ń wá. Wọ́n á tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò jẹun, yóò sùn. Tó bá ń lọ, ó lè fi iṣu tàbí ẹja gbígbẹ sílẹ̀. Tí kò bá fi nǹkan sílẹ̀, ó di ìgbà mìíràn. Àwọn kan ò tilẹ̀ lọ mọ́. Ìyá tó bí bàbá mi àgbà gan-an, ẹní ni wọ́n wá tà ní Èkó. Ará ilé ní kí wọ́n sùn kílẹ̀ mọ́, wọ́n bá kúkú bímọ méje.

Àlejò wa àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin kan láti Adó-Èkìtì, tíṣà tó wá fi ìsinmi rẹ̀ wo àwọn ilé àtijọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ibi tó dákẹ́ lòun ń wá. Mo dá a lóhùn pé ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ̀rọ ata ń ké nísàlẹ̀, télọ̀ ará Ìjẹ̀ṣà tó háyà ṣọ́ọ̀bù wa ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, rédíò àbúrò bàbá mi sì ń ka ìròyìn fún gbogbo àdúgbò.

Ó dé pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kó tó gbà á, Màmá ti yọ.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé màmá yín ṣì wà?"

"Wọ́n wà, mà. Àlàáfíà ni, mà."

"Kí lẹ máa jẹ?"

"Mo ti jẹun lójú ọ̀nà, mà."

"Ojú ọ̀nà kì í ṣe ilé ẹnì kankan. Ẹ jókòó."

Ó jókòó, ó jẹ ẹ̀bà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Màmá ti ní kí wọ́n gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín lọ kanlẹ̀kùn kó tó jí. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé ń lọ kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kò bójú mu kí àlejò wà nínú ilé kéèyàn má kí i. Àbúrò bàbá mi lọ kí i, wọ́n sì jókòó pẹ́. Télọ̀ lọ béèrè bóyá ó mọ ẹ̀gbọ́n òun kan tó ń gbé Adó. Kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n télọ̀ ò tètè gbà.

Mo ti fi páálí kan sínú yàrá náà, bí a ṣe ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, fún àlejò tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn láti gbé kọ́ síta. Mo kọ Òyìnbó sí apá kan. Torí pé mi ò fẹ́ fi èdè wa ṣeré, mo kọ Yorùbá sí èkejì: Ẹ MÁ YỌ MÍ LẸ́NU. Nígbà tí télọ̀ lọ tán, àlejò wa gbé páálí náà kọ́. Apá Yorùbá ló kọjú síta.

Mo ti lọ ra aṣọ fèrèsé ní ọjà Jankara. Ìgbà tí mo fi dé, ẹ̀rọ ata ti dákẹ́, rédíò ti dákẹ́, télọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún. Màmá jókòó láàárín wọn.

"Ta ló yọ àlejò mi lẹ́nu?" ni Màmá ń béèrè. "Ọmọlúàbí ni ọkùnrin yẹn, kò lè pariwo. Ó wá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn!"

"Bóyá rédíò mi ni," àbúrò bàbá mi ní.

"Àbí orin mi?" télọ̀ béèrè. "Àmọ́ orin Ọlọ́run ni, mà."

Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó yọ àlejò lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn."

"Ṣé ní òtẹ́ẹ̀lì yín, téèyàn bá ní kí wọ́n má yọ òun lẹ́nu, ẹnì kankan ò ní béèrè ohun tó ṣe é?"

Wọ́n gùnkè láti lọ bẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ lé wọn.

Màmá kanlẹ̀kùn. Àlejò ṣílẹ̀kùn tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Bó ṣe rí i pé ìyá arúgbó fẹ́ kúnlẹ̀ fún òun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Kí ni mo ṣe?"

Bí télọ̀ ṣe rí i pé àlejò dọ̀bálẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ò fẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n forí gbárí. Àbúrò bàbá mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀ náà, àyè ò sí mọ́, wọ́n bá tẹríba lórí ìdúró.

"Ẹ forí jì wá," Màmá ní. "Ẹ ṣáà sọ ẹni tó yọ yín lẹ́nu."

Ọkùnrin náà gbójú sókè látorí símẹ́ńtì. "Kò sẹ́nì kankan, mà. Oorun ni mo fẹ́ sùn."

"Oorun? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò kọ oorun?"

Màmá ní kí wọ́n gbé àga wá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà láti máa ṣọ́ oorun àlejò. Ọmọ tó bá sáré nísàlẹ̀, "Ẹ dákẹ́ o, àlejò ń sùn!" Ẹni tó ń kiri búrẹ́dì ní títì, "Oníbúrẹ́dì, àlejò ń sùn!" Kò sí ariwo mìíràn mọ́ nínú gbogbo ilé àfi ohùn Màmá.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Àlejò ti wọ ẹ̀wù. Ó gbé àga tirẹ̀ jáde, ó jókòó ti Màmá bí ẹni tó ti gba kádàrá, ó sì ní kí wọ́n sọ ìtàn ilé náà fóun. Màmá bá tún bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Wọn ò tíì dé orí ìyá tó wá ta ẹní tí àlejò fi ń hanrun, tó lanu sílẹ̀.

Mo rò pé Màmá máa bínú. Rárá. Wọ́n wò ó, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì ń bá ìtàn náà lọ jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò mọ̀ pé wọ́n ní, títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Wọ́n ní èèyàn kì í pa ìtàn tí àlejò bá béèrè tì láàárín ọ̀nà.

Nígbà tó ń lọ, Màmá sìn ín dé títì, wọ́n sì fi mọ́sà gbígbóná sínú báàgì rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ó kọ ọ̀rọ̀ nípa wa sórí ìkànnì náà, mo sì kà á fún Màmá: "Ilé náà ò dákẹ́ rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn." Ó fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.

Màmá ní, "Ta ló mú ẹyọ kan tó kù?"

Mo ní kò sẹ́ni tó mú un.

Wọ́n ní nǹkan kì í dédé sọnù nínú ilé. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀.