Bí Kẹ̀kẹ́ Mi Ṣe Wọ Ọkọ̀ Òkun Lọ

Ọdún 1970 ni. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òjò sì ń rọ̀ ní Port Harcourt láì gba ìsinmi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Borokiri nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ báyìí máa ń rò pé akin ni wá láyé ìgbà yẹn. Mi ò fẹ́ já yín kulẹ̀, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì tí ẹ fi ń yìn mí yẹn, ẹnu mi tí kì í sinmi ló gbà á là, kẹ̀kẹ́ mi ló sì bá a lọ.

Amadi ló fà á. Ọmọ Ikwerre ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni lẹ́nu iṣẹ́. Okùn tí a fi ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ti gbó, a sì ti sọ fún máníjà títí ẹnu fi rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kan okùn náà já, àpò símẹ́ńtì bọ́ lu Amadi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni lẹ́tà ti bá a pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin, ilé bàbá rẹ̀ sì ti wó nínú ogun. A ní àwa ò ní gbé àpò kankan mọ́ àfi tí wọ́n bá gbà á padà, kí wọ́n sì pààrọ̀ okùn.

Òfin ológun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìyanṣẹ́lódì rárá. Nítorí náà a ò yanṣẹ́ lódì o, ibà ló mú wa. Gbogbo wa pátá, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan náà, a jókòó sábẹ́ búkà tó kọjú sí géètì, a da aṣọ borí, a sì ń gbọ̀n. Ibà ọ̀hún ò dí wa lọ́wọ́ ẹ̀bà jíjẹ. Máníjà jáde wá wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà. Ó ní àwọn atukọ̀ mẹ́fà wà nínú ọkọ̀ símẹ́ńtì tó gúnlẹ̀, àwọn ló máa já símẹ́ńtì náà. Bí símẹ́ńtì yẹn bá sì ti délẹ̀ láìsí wa, ọ̀rọ̀ Amadi ti tán nìyẹn.

Mo mọ olórí àwọn atukọ̀ yẹn. Sátidé tó ṣáájú la pàdé níbi búkà yẹn kan náà. Bauro ló ń jẹ́, ìyẹn Pọ́ọ̀lù lédè wọn, láti erékùṣù Gilbert tí wọ́n ń pè ní Kiribati lónìí, láàárín agbami Pàsífíìkì. Bó ṣe rí igi àgbọn lẹ́bàá búkà, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí a tó mọ̀, ó ti dé orí igi, ó ń kọrin. Ó ní ẹmu àgbọn ni wọ́n ń dá nílé àwọn, ẹni tó bá gun igi sì gbọ́dọ̀ kọrin kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn wà lókè. Ó sọ fún wa pé ilẹ̀ àwọn gùn ṣùgbọ́n kò fẹ̀: òkun ló wà lápá kan, ọ̀sà lápá kejì, kò sí òkè, kò sí odò. Kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ sínú iyanrìn títí wọ́n á fi kan omi dídùn, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbin kókò sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ tiwọn.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe ní Port Harcourt. Mo wo fìlà tí wọ́n fi ewé hun lórí rẹ̀, mo ní, "My brother, dash me this cap now." Àwàdà lásán ni, bí a ṣe ń kí ara wa ni. Bauro ṣí fìlà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní bẹ́líìtì ńkọ́? Ó tú u. Mo ní ọ̀bẹ ńkọ́? Ó yọ ọ́. Mo ti ń wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fà mí sẹ́yìn. Ó ní nílẹ̀ àwọn, bí ènìyàn bá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ lójúkojú, bubuti ni wọ́n ń pè é, o ò gbọdọ̀ kọ̀, àbùkù ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè ti so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá bèèrè lọ́wọ́ tirẹ̀, òun náà ò gbọdọ̀ kọ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo dá bẹ́líìtì padà, Bauro ò gbà á. Ọwọ́ ló fi di ṣòkòtò mú padà sínú ọkọ̀.

Ohun tí mo rántí ní Mọ́ńdè yẹn nìyẹn. Mo bọ́ aṣọ ibà sílẹ̀, mo sáré dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bauro àti àwọn márùn-ún yòókù ti dúró ti àpò. Mo sọ ọ̀rọ̀ Amadi fún un ní kúkúrú, mo wá ní, "Bauro, I dey ask you the way una dey ask for una place. No touch that cement."

Ó wo máníjà. Ó wo símẹ́ńtì. Ó wo bẹ́líìtì rẹ̀ ní ìbàdí mi. Ó sì jókòó sílẹ̀. Àwọn márùn-ún náà jókòó, ṣùgbọ́n kì í ṣe jákujàku: ní gbọ̀ngàn ìpàdé ìlú wọn nílé, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àyè ìjókòó tirẹ̀, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ jiyàn díẹ̀ lórí ẹni tó yẹ kó wà níbo.

Máníjà pariwo pé òun ló pàṣẹ. Bauro dá a lóhùn pẹ̀lẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ tí mo túmọ̀ báyìí: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin pàṣẹ. Òun bèèrè."

Máníjà ní, "Ó dáa, èmi náà bèèrè."

Bauro rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, àwọn á gbé e. "Èmi náà wá bèèrè, sà. Mọ́tò yín."

Máníjà bojú wẹ̀yìn wo mọ́tò rẹ̀ tó ń dán nínú òjò. Ó ní òun ò bèèrè mọ́.

Títí di Wẹ́sìdeè, ọkọ̀ ò kúrò, òjò ò dá, ibà ò sàn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Amadi padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún un ní àga nídìí géètì kó máa kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé. Wọ́n ra okùn tuntun. Kíá ni ara gbogbo wa yá.

Àárọ̀ tí ọkọ̀ máa ṣí ni Bauro wá sílé mi ní Mile 3. Ó kí ìyàwó mi, ó jókòó, ó wo kẹ̀kẹ́ mi tó fara ti ògiri. Mo ti mọ̀ kó tó lanu.

"Akọ̀wé, mo bèèrè."

Mo ní kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe ní ilẹ̀ tí kò fẹ̀? Ó ní, "Bí mo bá ń lọ tààrà, ọ̀nà jìn. Bí mo bá yà, mo ti bọ́ sínú òkun. Mi ò ní yà."

Ìyá Délé, ìyàwó mi, ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bubuti yé. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ bi í bóyá ó ń fẹ́ ọkọ mọ́ ọn."

Láti Mile 3 dé Borokiri, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín fún ọdún méjì. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Okùn tuntun náà gbó, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi dá èmi alára dúró, nítorí náà ìjà yẹn ṣì kù sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n Amadi jókòó sórí àga yẹn títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kàwé.

Ní báyìí, rédíò ń sọ pé òkun ti ń wọ ilẹ̀ wọn, omi iyọ̀ sì ti ń wọ kòtò kókò. Mo máa ń pa á bí mo bá gbọ́ ọ, ọkàn mi kì í gbà á. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan ní Choba tí mo gbin àgbọn sí ní igun kan. Délé ní kí a tà á, ó ní ta ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè? Fìlà, bẹ́líìtì, ọ̀bẹ àti símẹ́ńtì ni mo bèèrè lọ́wọ́ Bauro, kẹ̀kẹ́ nìkan lòun bèèrè. Mo sọ fún Délé pé ọkùnrin kan, tàbí ọmọ rẹ̀, lè dé lọ́jọ́ kan láti bèèrè ilẹ̀ yẹn, a ò sì gbọdọ̀ kọ̀.