Jákọ́bù Wo Ni?

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá sílé wa ní Sùúrùlérè láti tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ìrẹsì ń ta sánsán ní kíṣìnì, èmi sì ti pààrọ̀ aṣọ títí ó fi sú àbúrò mi obìnrin. Mo rò nígbà náà pé ẹwà mi ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àṣé Bíbélì ló ń dúró dè wá ní pálọ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó mọ orí àti ẹsẹ. Àwa ọmọbìnrin méjì péré ló bí. Ó bi àlejò wa léèrè orúkọ, ìyẹn ní Jákọ́bù lòun ń jẹ́. Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀.

"Jákọ́bù? Èyí tó fi ọbẹ̀ gba ogún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tó tún kó tẹ̀gbọ́n tàbúrò nílé àna kan ṣoṣo? Orúkọ a máa ro ọmọ o. Ọmọbìnrin méjì ni mo ní. Àbí àwọn méjèèjì lo bá wá?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì. Ní tèmi, mo mọ̀ pé tí bàbá mi bá ti gbé ọ̀rọ̀ karí Bíbélì, kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ọbẹ̀ tí n kò bá wọn jẹ.

"Rárá o, sà," ni Jákọ́bù tèmi wí. "Ti Májẹ̀mú Tuntun ni. Jéémíìsì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, ní Ìdí-Àràbà."

Wàhálà àwa Yorùbá nìyẹn. Òyìnbó ya Jákọ́bù àtijọ́ sọ́tọ̀, ó sọ ti Májẹ̀mú Tuntun ní Jéémíìsì. Àwa kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan.

"Èwo nínú Májẹ̀mú Tuntun?"

"Àbúrò Jésù, sà. Èyí tí Hẹ́rọ́dù pa."

"Ọmọ Sébédè ni Hẹ́rọ́dù pa! Àbúrò Olúwa ló kọ Ìwé Jákọ́bù!"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó tẹ̀ lé e wá, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, wá dá sí i. "Ẹ má bínú, sà. Jésù ò ní àbúrò. Ìbátan ni wọ́n. Jákọ́bù ọmọ Álíféù náà ni."

Ẹni tó yẹ kó bá wa bẹ̀bẹ̀ ló wá ń ko bàbá mi lójú. Wọ́n ṣí Mátíù, wọ́n ṣí Gàlátíà, kò sẹ́ni tó rántí ìyàwó mọ́. Mo gbé omi wọlé, kí n tó rò ó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Dádì, ẹ jẹ́ kó jẹ́ Jákọ́bù ọlọ́bẹ̀ yẹn náà. Àmọ́ Lábánì lorúkọ bàbá ìyàwó ẹ̀ o."

Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí kò mọ Lábánì, oníjìbìtì àna tó gbé Líà fún ẹni tó tọrọ Rákélì. Bàbá mi wò mí, ó wo ìyá mi tó ti fi etí gèlè bo ẹnu, ó sì rọra pa Bíbélì dé.

"Ọmọ Sébédè ni," ó ní. "Ẹ bu ìrẹsì wá."

Bàbá mi ti sùn nínú Olúwa báyìí. Títí tó fi lọ, Ọmọ Sébédè ló ń pe ọkọ mi, àárò ohùn náà sì ń sọ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tọrọ ọmọ wa obìnrin. Ó ní Símónì lòun ń jẹ́. Láti kíṣìnì ni mo ti gbọ́ ọkọ mi tó ń wú ikọ́ àgbà.

"Símónì wo? Pétérù ni, àbí oṣó tó fẹ́ fowó ra Ẹ̀mí Mímọ́?"

Mo nu ọwọ́ mi, mo sì ké sí i láti ibi ìdáná: "Lábánì, oúnjẹ ti délẹ̀ o!"