Ìbéèrè Tí Sísítà Kíákíá Kò Béèrè Rí

Kí aláìsàn tó jókòó dáadáa níwájú Sísítà Kíákíá, ó ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ti kọ oògùn, ó ti ń pe ẹni tó kàn. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì báyẹn, ó sì ń fi í yangàn. Ta ni kò ní í fi í yangàn?

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí a ṣe ń tọ́jú ìbànújẹ́ ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn, òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ló fi kàwé. Ó wá ku kó yẹ aláìsàn kan wò lójú dókítà olùkọ́ wọn, ọmọdébìnrin dókítà kan tí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn Sísítà lọ. Bó bá yege, yóò gbàwé àṣẹ. Bó bá kùnà, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Dókítà gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Màmá, ẹ má bínú. Ọwọ́ yín á kàn máa wá a ni."

Káfíńtà kan wọlé, ó ń wolẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, kò sì rí oorun sùn. Sísítà ṣí fáìlì rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ìgbà méje lọ́kùnrin yìí ti wá, ìgbà méje ni wọ́n kọ oògùn ẹ̀fọ́rí fún un, ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ sì ni. Dókítà kò tíì rí fáìlì náà. Ó kọ́kọ́ ṣe Sísítà bíi kó pa á dé, ojú sì tì í pé ó rò bẹ́ẹ̀.

Ó ti fáìlì náà síwájú dókítà. "Èmi ni mo kọ gbogbo eléyìí." Ó kọjú sí káfíńtà. "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tán rí. Orí tó ń fọ́ àti àìrí oorun sùn lè wá láti inú ìbànújẹ́ ọkàn. Ẹ jẹ́ n bi yín tààrà: ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn láti gba ẹ̀mí ara yín?"

Ẹnu ń yún Sísítà láti tún sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin náà tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú.

"Ó ti wá. Mo ti ra oògùn eku, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù."

Ọkàn Sísítà balẹ̀ wàyí, torí ó mọ ohun tó kàn. Ohun tó kọ́ náà nìyí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ta ló lè bá wa kó oògùn eku náà kúrò níbẹ̀ lónìí?"

Dókítà buwọ́ lu ìwé àṣẹ Sísítà. Sísítà kò tilẹ̀ wo ọ̀hún.

Káfíńtà gbójú sókè. "Ìyàwó mi wà ní ìta. Gbogbo ìgbà tí mo ń wá ló ń tẹ̀ lé mi. Ẹ bá mi pè é wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ má lọ. Mi ò lè dá sọ ọ́ fún un."